Ọkọ́, Ọkọ̀ àti Ọkọ ní Aago Méje

Bí ẹ bá fẹ́ wo ìjà láìsanwó, ẹ lọ sí ilé Àǹtí Aago Méje nígbà tí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, orúnkún rẹ̀ ti ń ké tó bá ń dìde, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti ga jù ú lọ. Síbẹ̀, bí orin ìròyìn bá ti dún báyìí, á nà ró ṣánṣán lórí àga, á ti awò ojú rẹ̀ sókè, ìjà ti dé nìyẹn. Òun àti tẹlifíṣọ̀n ni o.

"Ẹ wo eléyìí! Ta ló ń rẹ́rìn-ín sí? Omi ya wọ ilé onílé, òun ń ṣí eyín!"

Ọmọbìnrin tó ń ka ìròyìn á dìde, á rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ńlá kan, á máa nàka sí i.

"Jókòó! Kí lò ń wá kiri? Bàtà ẹ ló sọnù?"

Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kun èékánná nílẹ̀ á ní, "Ìyá àgbà, wọn ò kúkú gbọ́ yín."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn," ni ìyá á wí. "Ká ní wọ́n ń gbọ́ ni, wọn ì bá ti jókòó."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Òun náà ti ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n rí, nígbà tiwọn, ẹni tó bá ń kà á kì í rẹ́rìn-ín, kì í mi orí, kì í họ imú. Bí eṣinṣin bá bà lé e níwájú orí, eṣinṣin ni yóò kọ́kọ́ sú, kì í ṣe òun. Àwọn èèyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá sọ pé "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́" nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn àgbàlagbà inú ilé á dáhùn pé, "Òo, ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn obìnrin míì á sáré fa aṣọ bo àyà, torí wọ́n gbà pé bí àwọn ṣe ń wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń ka ìròyìn náà ń wo àwọn. Ilé kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò, gbogbo èèyàn á wọ́ lọ síbẹ̀, ẹni tó bá sì wúkọ́ nígbà tí ìròyìn ń lọ, wọ́n á wò ó bíi pé ó jalè.

Ọkùnrin kan wà tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń ya òjò sára pátákó, bó bá sì gbójú sójú fèrèsé tó rí i pé oòrùn ń ràn, á rọra fi apá aṣọ nu òjò rẹ̀ kúrò. Obìnrin kan tún wà, ẹni tí Àǹtí gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé yẹtí etí rẹ̀ làwọn ọmọge ń wò, wọn kì í gbọ́ nǹkan kan nínú ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbogbo wọn pátá ni Bàbá Kòṣẹ́jú.

Wọ́n ní bàbá yìí kì í ṣẹ́jú, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kòṣẹ́jú. Irọ́ ni, ó ń ṣẹ́jú, àmọ́ ìgbà tó bá ń ṣí ìwé, tó ti dorí kodò, ló ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹran wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò fẹ́ kó tètè tán. Kóòtù dúdú, táì tó ń dán, irun tó là láàrin bíi pé rúlà ni wọ́n fi là á. Ẹni tó wà nílé kò lè mọ̀ pé lábẹ́ tábìlì, ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì ló wà lára bàbá, nítorí iná sítúdíò ń jó bí ààrò. Tó bá kà á tán, á kó ìwé rẹ̀ jọ, á fi gbá orí tábìlì, kó, kó, á wá tẹjú mọ́ kámẹ́rà títí àwòrán á fi lọ. Kò rẹ́rìn-ín rí níbẹ̀. Kódà lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ kan wọ sítúdíò tó sì jẹ lára ìwé ìròyìn, ohun tó ṣẹ́ kù níwájú rẹ̀ ló ń kà lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yìí ni wọ́n gbé Àǹtí jókòó sí nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ka ìròyìn aago méje, bàbá á ka ọ̀kan, òun á ka ìkejì. Ìdánwò ni wọ́n sì gbà á fún o. Yàrá àwọn tó ń tẹ̀wé ló ti wá, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ sì ti là á yé e pé bó bá ṣe dáadáa, àga di tirẹ̀, bí kò bá ṣe dáadáa, yàrá ìtẹ̀wé ṣì ń dúró dè é. Mo fẹ́ kó yé yín pé obìnrin yìí fẹ́ àga yẹn. Kì í ṣe fífẹ́ kékeré. Láti kékeré ló ti ń ka ìròyìn fún àwọn adìyẹ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, àkùkọ tó bá sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò ní í rí àgbàdo jẹ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ náà ní wàhálà kan tí àwọn tó wà nílé kò mọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò gbọ́ èdè wa. Òkè òkun ni wọ́n ti rọ ọ́, kò ní àmì ohùn, kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Wọ́n á tẹ "owo" fún ọ, kí ìwọ fúnra rẹ wáá máa wá a: ṣé owó ni, ṣé ọwọ́ ni, ṣé ọ̀wọ̀ ni, àbí òwò? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ka ìròyìn fi ń tètè dé. Yàrá kótópó kan wà tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á fi báírò pupa fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá lè dalẹ̀. Bàbá Kòṣẹ́jú ló kọ́ Àǹtí níṣẹ́ yẹn. "Ọmọ mi," ni bàbá wí, "ọ̀rọ̀ tí o kò bá fi àmì sí, òun ló máa fi àmì sí ìwọ lára."

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, láti ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló jí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọkọ.

"Ọkọ dà?" ni ìyá wí, bó ṣe ń da tíì sínú ife. "Gbogbo ayé ló ń rí ẹ nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa fẹ́ ẹ, ṣé ojú ń dùn ún ni?"

"Màámi, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná."

"Iṣẹ́ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọjọ́ orí ń sáré. Ọkọ, ọmọ mi. Ọkọ!"

Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́, ọkọ. Ó wọ balùwẹ̀, ìyá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ọkọ. Ó jáde nílé, ìyá yọrí lójú fèrèsé, ó ní kó má gbàgbé o. Àǹtí kò bi í pé kí ni. Ó mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ló ti fi báírò pupa tọ́jú. Àmọ́ bí bàbá ṣe ń ka tirẹ̀ lọ́wọ́, ẹnì kan rákòrò gba abẹ́ kámẹ́rà, ó ti bébà kan sórí tábìlì níwájú Àǹtí, ó sì tún rákòrò padà. Iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́, gbígbóná ló ṣì wà. Kò sí báírò, kò sí àyè. Àǹtí wò ó fìrí: IJOBA YOO PIN OKO FUN AWON OBINRIN AGBE. Oko kẹ̀? Àgbẹ̀ tí kò bá ní oko, kí ló fi ń jẹ́ àgbẹ̀? Ṣé ọkọ̀ ni? Ìjọba wo ló ń fi ọkọ̀ tọrẹ? Ó ṣì ń rò ó lọ́wọ́ tí iná pupa orí kámẹ́rà fi tàn sí i. Ohun tó bá sì kún inú ni ẹnu ń tú síta.

"Ìjọba yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọkọ fún àwọn obìnrin àgbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Àǹtí wí, ohùn rẹ̀ já gaara. "Iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ṣàlàyé pé ọkọ tuntun ni gbogbo wọn, wọ́n lágbára, wọn kò sì ní í tètè gbó. Obìnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba méjì. Ẹni tó bá ní èyí tó ti gbó nílé, kí ó mú un wá fún pàṣípààrọ̀."

Ó dé orí "méjì" kó tó gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Yéè! Ọkọ́ ni! Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko! Àmọ́ òfin wọn ni pé ẹni tó ń ka ìròyìn kì í dúró lójú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ le bíi pákó títí ó fi kà á délẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá Kòṣẹ́jú ṣẹ́jú. Gbogbo ìlú ló rí i.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn dè é, inú ìyá ń dùn ṣìnkìn. "Ọmọ mi, o ṣé. O gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Níbo ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù?"

"Màámi, ọkọ́ ni. Ọkọ́!"

"Mo gbọ́, méjì méjì ni. Kò burú náà. Bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò, ìkejì á wà nílé."

Àǹtí wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Ẹkún gidi ni o, nítorí ó ti rí yàrá ìtẹ̀wé lọ́ọ̀ọ́kán.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹnu géètì iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kún fọ́fọ́. Àwọn kan wá rẹ́rìn-ín ni. Àwọn kan ò wá ṣeré rárá. Obìnrin kan di ọkọ rẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́, ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé, "Èyí tó ti gbó rèé." Ọkùnrin náà ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Kí ni mo ṣe báyìí? Ṣé torí òrùlé tó ń jò náà ni? Mo ní mo máa gùn ún!" Ọkùnrin mìíràn wà lẹ́yìn wọn, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ funfun, ó ní òun ò wá gba nǹkan kan, ṣe ni kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ pín. Ẹ má rò ó o, òun kọ́ ni Àǹtí padà fẹ́. Ẹ̀yin náà ti fẹ́ràn àlọ́ jù.

Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin tó gbẹ ni ọ̀gá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà sì gbẹ.

"Iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ti fi fóònù pè mí. Wọ́n ní ọkùnrin mẹ́ta ló wà ní ọ́fíìsì àwọn, àwọn ìyàwó wọn já wọn sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ."

Àǹtí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú."

"Ìbínú kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n ti kọ àtúnṣe ránṣẹ́, ìwọ náà lo máa kà á nírọ̀lẹ́ òní, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé gbogbo ìlú ló máa jókòó dè ọ́, kí wọ́n lè rí ọ kí o rẹ́rìn-ín. Tí o bá rẹ́rìn-ín, ì báà jẹ́ músẹ́, má wulẹ̀ padà sórí àga yẹn mọ́. Iléeṣẹ́ yìí kì í ṣe ilé aláwàdà."

Ó gba bébà náà lọ sí yàrá kótópó, ó fi báírò pupa fi àmì sí i, ó sì gbìyànjú láti kà á sókè. Ẹ̀rín gbé e. Ó tún un kà, ẹ̀rín tún gbé e. Ó kan orí mọ́ tábìlì. Ibi tí Bàbá Kòṣẹ́jú ti bá a nìyẹn.

"Bàbá, kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe tí ẹ̀rín bá fẹ́ gbé yín?"

"Mo máa ń rántí ìyá ìyàwó mi," ni bàbá wí. "Tí ìyẹn ò bá tó, já itan ara rẹ léèékánná lábẹ́ tábìlì. Já a dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń rí ibẹ̀."

Aago méje lù. Àwọn tó wà nílé sọ fún un lẹ́yìn ìgbà náà pé ìgboro dá páropáro, àwọn ọmọdé gan-an ò sáré kiri. Iná pupa tàn sí Àǹtí. Ó ti fi èékánná mú itan rẹ̀ kó tó lanu.

"Àtúnṣe," ló wí. "Nínú ìròyìn àná, a sọ pé ìjọba yóò pín ọkọ. Ọkọ́ ni, ọkọ́ tí a fi ń roko. Ìjọba kò ní ọkọ kankan nílẹ̀ tí yóò pín, kò sì ní in lọ́kàn láti pín in. Àwọn obìnrin tó ti mú ọkọ ilé wọn wá fún pàṣípààrọ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ tètè wá mú wọn, nítorí iléeṣẹ́ ọ̀gbìn kò ní ibi tí wọn yóò sùn sí."

Ó kà á tán. Kò mira. Itan rẹ̀ ń jó bí iná, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ò yẹ̀. Kámẹ́rà yí sí Bàbá Kòṣẹ́jú. Bàbá gbé ìwé tirẹ̀, èyí tó ti fi báírò pupa ṣe láti ọ̀sán, tó fi àmì tó yẹ sórí rẹ̀, ó sì la ẹnu.

"Ọkọ̀," ni bàbá wí.

Ó dúró. Àǹtí gbọ́ bó ṣe mí sínú. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ̀ akérò tuntun..."

"Tuntun" yẹn ló pa á. Èjìká ló kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde nímú rẹ̀, bí ìdérí ìkòkò tí omi ń hó lábẹ́ rẹ̀. Bàbá gbé ìwé bo ojú, ìwé ń gbọ̀n. Ó wá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ó gbé orí lé tábìlì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ẹ̀rín tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé mì ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó di kámẹ́rà mú náà ti ń gbọ̀n, àwòrán sì ń mì lókè nísàlẹ̀ nínú gbogbo ilé.

Àǹtí mọ̀ pé bí òun bá ṣe "hẹ́n" pẹ́rẹ́, ó parí. Ẹ̀rín ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó rọra fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìgúnpá bàbá, ó nà án tó fi tọ́, ó sì gbójú sókè. Kámẹ́rà sáré wá a rí.

"Ọkọ̀ akérò tuntun mẹ́fà ti gúnlẹ̀ sí èbúté," ni Àǹtí wí, ó sì fi ohùn tẹ "kọ̀" yẹn mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ èèrà pa. "Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí."

Ó ka ti ọkọ̀ tán, ó ka ti afárá tí wọ́n ń tún ṣe, ó ka ti iyọ̀ tó wọ́n lọ́jà, ó ka ti bọ́ọ̀lù. Àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ó ń kérora pé "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi o." Àǹtí kò bojú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kó ìwé jọ, ó kí àwọn èèyàn pé ó dàbọ̀, ó sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà títí àwòrán fi lọ.

Ilẹ̀kùn sítúdíò ṣí, ọ̀gá àgbà wọlé. Bàbá Kòṣẹ́jú dìde pẹ̀lú kóòtù àti ṣòkòtò péńpé rẹ̀, ó ń fi táì nu omijé.

"Ọ̀gá, èmi ni," ni bàbá wí. "Ọmọ yìí ò rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá máa lé èèyàn, èmi tí mo darúgbó sídìí iṣẹ́ ni kí ẹ lé."

"Fóònù ò dákẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀," ni ọ̀gá wí.

"Wọ́n ń bínú?"

"Wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ẹ léyín." Ọ̀gá wá yí sí Àǹtí. "Ìwọ. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́, mi ò tíì rí irú ẹ rí. Àga yẹn ti di tìẹ. Ó yá, ẹ jáde, gbogbo yín." Ó yára kọjú sí ògiri, wọ́n sì rí i pé èjìká tirẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Àǹtí rìn jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó rìn dé ibi àtẹ̀gùn, ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó jókòó sílẹ̀ tòun ti aṣọ olówó ńlá tó wọ̀, ó sì jẹ́ kó jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Inú rẹ̀ ń dùn, itan ń ro ó, omijé ń ṣàn gba inú pọ́dà ojú rẹ̀ wálẹ̀. Àga ti di tirẹ̀! Kò tíì rí ayọ̀ tó tó báyẹn rí láyé rẹ̀, kò sì mọ ohun tó lè fi ṣe ju kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ iléeṣẹ́ ló gbọ́ ohùn rẹ̀, tó gbé ìgbálẹ̀ tì, tó sáré wá. Kò ní tẹlifíṣọ̀n, kò mọ ohun tó ń lọ.

"Àǹtí mi, kí ló dé? Kí ni wọ́n fi ṣe yín?"

Àǹtí fẹ́ ṣàlàyé, mímí kò jẹ́. "Ọkọ..." ló wí, ó nawọ́ sí ọ̀nà sítúdíò, omijé tún bọ́. "Ọkọ..."

Obìnrin náà jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, ó gbá a mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ẹ má sunkún mọ́," ló wí. "Ó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀yin náà á rí tiyín."